Owó Tí A Fọ̀: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Níbi Ayẹyẹ Ọdún Wa ní Ìgànmú

  

Iṣẹ́ akọ̀wé lọ́jọ́ bí òní ni kí ó ka ìròyìn ọdún. Ìyẹn ti wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, akápò sì ti ka iye tí a fi pamọ́ àti iye tí a yá ara wa, ẹ ti pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó náà ni, àmọ́ kì í ṣe owó tí ẹnikẹ́ni lè ná mọ́ lọ́jà Orílé. Ṣílè àti tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀ oníhò ni, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa jogún lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, tó wà nínú agolo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àṣìṣe kan wà tí àwa ìgbìmọ̀ ṣe sí irú owó bẹ́ẹ̀, tí owó náà sì jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́. A ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọ̀hún, a sì pinnu pé a ò ní bò ó mọ́lẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa ṣe irú ẹ̀ nílé.

Ìyá wa àgbà kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ló ni agolo náà. A ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n jókòó sáàárín wa níbí, wọ́n sì ti yọ̀ǹda kí a sọ ọ́. Ohun funfun kan ti bo ẹyinjú wọn ọ̀tún, ó sì ti ń mú tòsì náà bọ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Wọ́n ṣì ń san owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nígbà náà, òfin wa ò sì gbà kí a tún yá ẹnikẹ́ni lé gbèsè tí kò tíì san tán. Ni wọ́n bá gbé agolo bisikíìtì kan jáde tí ìyá tó bí ìyá wọn fi sílẹ̀. Ẹja ni ìyá náà ń tà ní Èbúté-Mẹ́ta láyé ọjọ́un. Wọ́n ní ọmọ àwọn gbọ́ pé àwọn kan wà tó ń ra owó Òyìnbó àtijọ́, wọ́n wá bẹ̀ wá pé kí a bá àwọn wá oníbàárà tí kò ní rẹ́ àwọn jẹ. Ohun tí wọ́n ní kí a ṣe nìyẹn o. Wọn ò ní kí a fọ nǹkan kan.

Àwa la fọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ni, lẹ́yìn ìpàdé. A da agolo náà sílẹ̀ lórí tábìlì ọ́fíìsì: ṣílè méjì-méjì mẹ́sàn-án, ṣílè mẹ́rìnlá, sísì mẹ́rin, tọ́rọ́ díẹ̀, àti kọ́bọ̀ oníhò tí wọ́n fi okùn so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Gbogbo ẹ̀ dúdú, àwọn kan dà bí ìdí ìkòkò. A wo ojú ara wa. Ta ló máa gbé irú ọjà báyìí síwájú oníbàárà? Ẹni tó ń ta tòmátì, ṣé kì í nu ún kó tó pàtẹ? A rán ọmọ níṣẹ́, ó ra ọsàn wẹ́wẹ́ wá. Ẹnìkan bu eérú, ẹnìkan mú kànìnkànìn, ẹnìkejì wa tún sáré mú Brasso tí wọ́n fi ń nu àwo idẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá. Àwa mẹ́ta, a há a títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹ wo ayọ̀ tí a yọ̀ nígbà tí orí ọba Òyìnbó yọ, tí igi ọ̀pẹ tó wà ní ẹ̀yìn ṣílè náà yọ, tí gbogbo ẹ̀ ń kọ mọ̀nà! A tilẹ̀ kọrin. Ṣílè méjì-méjì mẹ́ta péré ni a kò kàn, torí wọ́n wà nínú pépà tó ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ agolo, NEPA sì ti múná lọ. A ní a máa fọ̀ wọ́n lọ́jọ́ mìíràn. Ọlọ́run ló ní ká má fọ̀ wọ́n.

Oníṣòwò owó àtijọ́ tí a rí jẹ́ àgbàlagbà ọkùnrin kan, ó mọ̀wé, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jókòó, ó tẹ́ aṣọ rírọ̀ sórí tábìlì, ó mú awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ó mú ẹyọ kan ní etí, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún lábẹ́ gílóòbù. Ó mú òmíràn. Ó tún mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó ní, “Ẹ̀yin màmá, ta ló bá yín fọ owó yìí?” A fi ìdùnnú dáhùn pé àwa ni. Ó mi orí. Ó kó gbogbo èyí tí a fọ̀ sápá kan, ó ya èyí tó jẹ́ fàdákà sọ́tọ̀, ó gbé òṣùwọ̀n kékeré jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n wọ́n bí ẹni tó ń wọ̀n irin àlòkù.

Ìgbà tí ó dé orí mẹ́ta tó wà nínú pépà, ó ṣí pépà náà bí ẹni tó ń ṣí ìledìí ọmọ tuntun. Wọ́n dúdú ní etí, àárín wọn rí bí awọ oyin, àwọ̀ búlúù díẹ̀ sì wà níbẹ̀ bí ti epo lórí omi. Ó wò wọ́n pẹ́. Owó tó pè fún mẹ́ta yẹn ju owó tó pè fún gbogbo èyí tí a fọ̀ lọ, lápapọ̀.

A ò gbà á gbọ́. A ní ó fẹ́ rẹ́ wa jẹ ni. Ọjà la wà, a mọ ọgbọ́n oníbàárà tó ń bu ọjà ẹni kù kó lè rà á ní ẹ̀dínwó. A gbé owó náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìyẹn náà kàn wò ó fìrí, ó ní “wọ́n ti fọ̀ ọ́.” A ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ọ̀kan nínú wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ fún un. Láti inú fọ́tò o! Ìgbà yẹn ni a tó padà lọ bẹ ọkùnrin àkọ́kọ́ pé kí ó jọ̀ọ́, kó ṣàlàyé fún wa. Ohun tó kọ́ wa, àti èyí tí a tún kà fúnra wa lẹ́yìn náà, ni a fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú agolo. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n, àmọ́ àwọn ọmọ wa ò mọ̀ ọ́n. Láti 1907 ni Òyìnbó ti ń ṣe owó oníhò fún wa. Ọ̀níní, tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan, alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, àmọ́ nígbà tó fi máa di 1908, wọ́n ti pa ìyẹn tì, wọ́n fi bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì rọ́pò ẹ̀. Eépìnnì dé ní 1911. Ní 1912 ni ìjọba Òyìnbó dá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, fún àwa, Gold Coast tó di Gánà, Sàró àti Gáńbíà. Ní 1913 ni tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì ti ìgbìmọ̀ yìí jáde, fàdákà sì ni wọ́n. Fàdákà gidi ni: nínú ọgọ́rùn-ún ìpín, méjìléláàádọ́rùn-ún àti ààbọ̀ ni fàdákà. Ṣílè méjì kan wọ̀n tó gíráàmù 11.31. Ní 1920 fàdákà wọ́n lágbàáyé, wọ́n sì yí i sí idẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ṣílè tí ọdún ara ẹ̀ jẹ́ 1925 tàbí 1938, idẹ ni, bó ti wù kó funfun tó nígbà tí ẹ kọ́kọ́ rí i. Bí ẹ bá rí lẹ́tà H kékeré lára ẹ̀, ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló ṣe é. KN jẹ́ ti King's Norton, ní Birmingham náà. Àwọn tó ń kó owó jọ máa ń wo lẹ́tà yìí kí wọ́n tó wo ohun mìíràn, torí ọdún kan lè pọ̀ lọ́dọ̀ ẹni kan kó sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ ẹnìkejì.

Kọ́bọ̀ oníhò kan tún wà tí a fẹ́ mẹ́nu bà, torí ó dùn mọ́ wa. Ní 1936, ọba Òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ Edward Kẹjọ. Kò pé ọdún kan lórí oyè tó fi gbé adé sílẹ̀ nítorí obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Ní ìlú tiẹ̀, wọn ò rí àyè ná owó kankan tó ní orúkọ ẹ̀. Àmọ́ níbí, torí pé owó oníhò kì í ní orí ọba, orúkọ nìkan ló ń ní, wọ́n ti ṣe é, ó sì ti wọ ọjà. Àwọn ìyá wa fi orúkọ ọba tó sá kúrò lórí oyè ra iyọ̀. Ẹ má rò pé ó máa sọ yín di olówó o, ó pọ̀. Àmọ́ wọ́n fẹ́ràn ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti 1959, èyí tó ní orúkọ Nàìjíríà àti orí Ọbabìnrin Elizabeth, tí tọ́rọ́ ẹ̀ ní igun méjìlá. Lẹ́yìn ẹ̀ ni náírà àti kọ́bọ̀ tiwa, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1973.

Ó dára. Kí ló wá dé tí dídán fi ba owó jẹ́?

Aṣọ ni àwa ń tà, ó ti lé ní ogún ọdún. Ẹni tó bá ń ta gínì mọ̀ pé nígbà tí aṣọ náà bá ti ilé iṣẹ́ dé, ó ní dídán kan àti líle kan tó bá a wá. Ẹ fi omi kàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Kí ẹ fi sítáàṣì sí i, kí ẹ lọ̀ ọ́ títí iná á fi jó yín lọ́wọ́. Oníbàárà tó mọ aṣọ á fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fọ èyí o.” Ó mọ́. Ó tilẹ̀ lè mọ́ ju tuntun lọ. Ṣùgbọ́n a ò lè tà á ní tuntun mọ́. A mọ èyí látìgbà tí a ti dé ọjà, a ò sì rántí ẹ̀ nígbà tí a mú ọsàn wẹ́wẹ́ dání.

Owó onírin náà ní dídán ilé iṣẹ́ tiẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á ki pèlébé fàdákà sáàárín irin líle méjì tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán sí, wọ́n á sì fi agbára ńlá tẹ̀ ẹ́. Lójú ẹsẹ̀ yẹn, ara fàdákà náà á ṣí láti àárín lọ sí etí, á fi ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí. Àwọn ìlà yìí ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Tí ẹ bá yí owó tí wọn ò tíì ná lábẹ́ iná, ìmọ́lẹ̀ á máa yí lórí ẹ̀ bí wáyà inú àgbá kẹ̀kẹ́. Ohun tí ọkùnrin yẹn ń wá nìyẹn nígbà tó ń yí i síbí-sọ́hùn-ún. Èyí tí a fọ̀ ń dán gbogbo ara ẹ̀ lọ́nà kan náà, ìmọ́lẹ̀ ò sì rìn lórí ẹ̀. Ó gbé awò náà fún wa pé kí a wò ó. Yéè! Gbogbo ojú ọba kún fún ìlà tín-tìn-tín, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà lọ, bí ilẹ̀ tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá. Ọ̀nà tí ọwọ́ wa gbà há a nìyẹn. A rí ọwọ́ ara wa níbẹ̀.

Ọsàn wẹ́wẹ́ jẹ́ omi kíkan, ó ń jẹ ara irin. Eérú àti Brasso ní iyanrìn wẹ́wẹ́ nínú, bí ẹ ò tilẹ̀ rí i. Ọsàn á jẹ àwọn ìlà ilé iṣẹ́ yẹn, eérú á fi ìlà tiẹ̀ rọ́pò wọn. Ọṣẹ ìfọyín náà kò dára, kànìnkànìn kò dára, aṣọ ìnura gbígbẹ pàápàá lè ha á. Ohun tó sì burú jù ni pé kò sí àtúnṣe. Ẹni tó bá ha kọ̀ǹdù lè tún un pa pọ̀ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, àmọ́ ara owó tó ti lọ ti lọ.

Àwọn kan á ní: ìdọ̀tí ńkọ́? Ohun tí a kò mọ̀ rárá nìyẹn. Dúdú ara fàdákà kì í ṣe ìdọ̀tí tó wá láti ìta lé e lórí. Fàdákà fúnra ẹ̀ ló pàdé imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́, láti inú èéfín sítóòfù, èéfín mọ́tò, rọ́bà, ẹyin, tí wọ́n sì jọ di awọ kan. Ẹni tó bá há dúdú yẹn kúrò, fàdákà ló há kúrò. Tí awọ náà bá fẹ́lẹ́, tó sì ní àwọ̀ tó rẹwà bíi ti mẹ́ta wa yẹn, àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi owó lé e nítorí ẹ̀, torí ó jẹ́rìí pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọ̀dàlẹ̀ kan mọ èyí, wọ́n ń fi kẹ́míkà pa owó tí wọ́n ti fọ̀ láró kó lè dà bíi tàtijọ́. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Ti owó bàbà tún yàtọ̀. Bí bàbà bá ti pẹ́, á di àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ obì gbígbẹ, awọ yẹn ló sì ń dáàbò bò ó. Àwọn kan nínú kọ́bọ̀ oníhò ìyá wa jẹ́ bàbà ti 1952 síwájú. A fi ọsàn pa wọ́n títí wọ́n fi pupa bí ojú egbò tí èèpá ti ṣí lára ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gíréèdì ló wá kàn. Bí àwọn tó ń ta ọ̀kirika ṣe ní gíréèdì, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olówó àtijọ́ ní. Àwọn Òyìnbó ìlú ọba ń pè é ní Fine, Very Fine, Extremely Fine àti Uncirculated. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín: Fine tiwọn kì í ṣe fáìnì tiwa, owó tí wọ́n ti ná tó ti jẹ díẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Uncirculated ni èyí tí wọn ò ná rí. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ni wọ́n ń lò, láti 1 dé 70, ètò tí William Sheldon gbé jáde ní 1949. Láti 1986 ni ilé iṣẹ́ PCGS ti wà, NGC sì tẹ̀lé e ní 1987. Wọ́n á wo owó yín, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á sì dè é mọ́ inú pílásítíìkì líle. Iye owó lè fò láti nọ́ńbà kan sí ìkejì bí ẹni gun àtẹ̀gùn. Àmọ́ tí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ nífọ̀kufọ̀, wọn ò ní fún un ní nọ́ńbà rárá. Wọ́n á kọ Details sí i, wọ́n á kọ Cleaned tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ ti parí. Bí àwòrán ẹ̀ ti lẹ̀ yọ tó, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó tó ti jẹ díẹ̀ àmọ́ tí ara ẹ̀ pé fi lè pa owó lórí ju èyí tí àwòrán ẹ̀ mú ṣáṣá tí wọ́n ti há.

Ká má tan ara wa o. Kì í ṣe gbogbo owó inú agolo ló níye lórí. Ọ̀pọ̀ ṣílè idẹ tó ti jẹ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́, kò pa nǹkan kan lórí. Èyí tí wọ́n ti lu ihò sí láti fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn ti bàjẹ́ tipẹ́. Fàdákà tí a há náà kò sọ fàdákà nù, wọ́n á ṣì rà á ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ kò lè fi ojú lásán yan èyí tó níye lórí nínú èyí tí kò ní, àárín wọn sì ni ọsàn wẹ́wẹ́ ti ń ṣọṣẹ́.

Ẹnìkan bi wá níjọ́sí pé ṣé kò sí fífọ̀ tó dára ni. Ó wà, àmọ́ iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Owó tí wọ́n hú jáde látinú ilẹ̀, àwọn onímọ̀ máa ń fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó lè kà á. Tí iyanrìn bá wà lára tiyín, ẹ rẹ ẹ́ sínú dístílì wọ́tà, ẹ má há a, ẹ má rà á, ẹ gbé e sórí aṣọ rírọ̀ kó gbẹ fúnra ẹ̀. Tí òróró tàbí ìdà pílásítíìkì bá lẹ̀ mọ́ ọn, ásítóònù tí wọn ò pò nǹkan kan mọ́ lè yọ ọ́ láìjẹ ara irin. Kì í ṣe omi tí a fi ń nu èékánná, ìyẹn ní òróró àti lọ́fíńdà. Iná ń tètè gbé ásítóònù, ẹ má lò ó nínú ilé ìdáná. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ rí ìpẹtà aláwọ̀ ewé tó ń hó bí ìyẹ̀fun lára bàbà, ìyẹn ń jẹ owó náà lọ ni, iyọ̀ ló sábà ń fà á, ẹ yà á sọ́tọ̀ kíákíá, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀.

Àwọn kan ní kí ni ìyàtọ̀ owó sí Tíátà tó wà lọ́dọ̀ wa níbí. Ṣebí wọ́n kọ́ ọ nítorí FESTAC 1977, ó di ẹgẹrẹmìtì, Báńkì Àpapọ̀ àti àwọn báńkì yòókù náwó tún un ṣe, ní 2024 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ó sì níyì ju tẹ́lẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Ilé, ènìyàn ló ń lò ó, a lè kun ún ní ọ̀dà lọ́dọọdún. Owó àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń ná an mọ́. Ara ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rà.

Títọ́jú ẹ̀ ò le. Etí ni kí ẹ ti mú un, ìka wa ní òógùn àti iyọ̀, àmì ìka lè dúró lára fàdákà títí láé. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú, itọ́ máa ń ta sí i. Ẹ má kó o sínú ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bíi bàtà tuntun, irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ máa ń yọ omi àwọ̀ ewé tó ń lẹ̀. Pépà mímọ́ dára jù, tàbí pílásítíìkì líle, ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má máa gbá ara wọn. Èkó tiwa yìí, ọ̀rinrin pọ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń wọlé. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tí wọ́n kọ sí pé kí a má jẹ ẹ́, ó ń fa ọ̀rinrin. Ẹ má jù ú nù mọ́, ẹ sọ ọ́ sínú agolo yín. Kí agolo má sì gbé orí sìmẹ́ńtì.

Ní ti ìyá wa, a máa sọ bó ṣe jẹ́. Ìgbìmọ̀ jókòó. Àwọn kan ní kí a mú owó tó sọnù látinú àpò ẹgbẹ́, torí pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni a ń ṣe nígbà tí a fọ̀ ọ́. Àwa mẹ́ta tí a há a kò gbà. A bi ọkùnrin yẹn ní iye tí ì bá san ká ní a ò fọ̀ ọ́, ó sọ ọ́, kò sì fi tẹnu wa ṣẹ̀sín. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ la pín sí mẹ́ta, a sì ń san án fún ìyá wa lóṣooṣù. Ó ku oṣù mẹ́rin. Ó wà nínú ìwé, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wò ó. A tún fi kún òfin ẹgbẹ́ pé ẹrù ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, bó ṣe dé la ṣe máa gbà á, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe máa dá a padà. Ẹni tó bá ní irú agolo bẹ́ẹ̀ nílé, kó mú un wá ní Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀. Ọkùnrin náà ti gbà láti wá jókòó fún wa, kò ní gba owó ìwò. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má nù ún, bí aáyán bá wà nínú agolo, ẹ gbé aáyán náà wá.

Ìyá wa ta méjì nínú mẹ́ta tó wà nínú pépà, wọ́n fi kún èyí tí òṣùwọ̀n mú wá àti èyí tí a kọ́kọ́ san. Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún, òsì ló kù. Ẹyọ kẹta wọn ò tà. Ó wà nínú séèfù ẹgbẹ́, orúkọ ọmọ-ọmọ wọn obìnrin la kọ sára àpò ìwé ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú wọn, wọ́n wá sí ọ́fíìsì, wọ́n ní kí a fi owó náà han àwọn. Wọ́n mú un ní etí, bí a ṣe júwe fún wọn, wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé, wọ́n yí i díẹ̀. Wọ́n ní, “Ó dúdú o.” A ní bẹ́ẹ̀ ni, Mọ̀mọ́, ó dúdú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká dá a padà sínú pépà ẹ̀.

 Oúnjẹ ti délẹ̀.